Ìdérí Tí Mo Fi Símẹ́ńtì Bò

                                                            Oko Noske,
                                                            Ọ̀nà Tarrawarn,
                                                            Mallee, Victoria.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ.

Reinhold, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, àna mi,

Báwo ni ilé? Thelma ńkọ́? Kíndìnrín tó ń dà á láàmú, ṣé ó ti fi í lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ ọ̀tún ńkọ́, èyí tí akọ màlúù Schultz fi orí gbá nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́? Mo gbọ́ pé òtútù mú lórí òkè yín ní Queensland lọ́dún yìí. Níbí, ìrì dídì ń bo koríko láràárọ̀, àlìkámà ti ga kọjá kókósẹ̀, àwọn àgùntàn sì ti ń bímọ. Ara tèmi le koko. Kì í ṣe ohun tí inú mi ń dùn sí.

O ti rí i pé ọwọ́ tó kọ lẹ́tà yìí kì í ṣe ọwọ́ Hulda àbúrò rẹ. Gbogbo lẹ́tà tí o ti gbà lọ́dọ̀ mi láti ọdún mẹ́tàlélógójì, òun ló kọ ọ́. Bàbá mi yọ mí kúrò ní ilé ìwé kí n tó mọ̀wé kà, o mọ ìyẹn. Èmi á jókòó, màá máa sọ ọ́, òun á máa kọ ọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá sì ti le jù, á ti rọ̀ ọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Kerryn Obst ló ń bá mi kọ eléyìí, ọmọ Dieter, òun ni púlọ́ńbà ìlú wa báyìí. Mo ti sọ fún un pé kó má rọ ohunkóhun.

Òun náà ni mo ní kó pè ọ́ ní fóònù lọ́jọ́ Àìkú, pé kí ẹ má mu omi ẹ̀rọ ilé yín mọ́, pé kí Thelma má ṣe fi lo oògùn, kí ẹ lọ ra omi. Ó ní o béèrè ìdí, òun sì dá ọ lóhùn pé èmi ni màá sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí, Reinhold. Omi ilé mi ló pa àbúrò rẹ. Èmi ni mo ba omi náà jẹ́. Irú páìpù tó gbé omi náà wọ táńkì gan-an ni mo sì rì mọ́lẹ̀ sí àgbàlá rẹ. Jọ̀ọ́, kà á dé òpin kí o tó sọ̀rọ̀ sí mi, bí o bá ṣì máa sọ̀rọ̀ sí mi.

O rántí táńkì bàbá mi, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná, tí àwa méjèèjì máa ń sá sí òjìji rẹ̀ bí oòrùn bá mú. Páìpù rẹ̀ kúrú. Láti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń gba omi òjò orí òrùlé ló ti rọra dagẹ̀rẹ̀ wá sí ẹnu táńkì. Bí òjò bá dá, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo omi inú rẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀, páìpù á sì gbẹ. Òun nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí ìpẹtà wá jẹ táńkì yẹn tán, mo ra táńkì ńlá méjì oníke, mo ní kí wọ́n gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ abà ẹ̀rọ, ọgọ́rin ìṣísẹ̀ sí ilé. Mi ò fẹ́ páìpù tó máa gba òfuurufú kọjá àgbàlá, nítorí ẹ̀rọ ìkórè ń gba ibẹ̀. Kerryn ní kò burú, páìpù á wọ ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, á gba abẹ́ àgbàlá kọjá, á tún dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì títí dé ẹnu rẹ̀ lókè. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi.

"Omi á gun òkè? Ta ni yóò máa tì í lẹ́yìn, ìwọ ọmọ Obst?"

"Omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yín ga ju ẹnu táńkì lọ."

"Hulda, wá gbọ́ o! Dieter rán ọmọ ẹ̀ wá kọ́ mi bí omi ṣe ń ṣàn."

Kò bínú. Ó mú rọ́bà gígùn kan tí ojú ń rí inú rẹ̀, ó rọ omi sí i, ó fa orí kan fún Hulda lórí àkàsọ̀ lẹ́bàá òrùlé, ó sì gbé orí kejì lọ sídìí táńkì. Bí Hulda bá gbé tirẹ̀ sókè, omi tọ̀dọ̀ Kerryn á gòkè. Bó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tọ̀dọ̀ Kerryn á wálẹ̀. Omi ń wá ọgbọọgba ara rẹ̀ ni, ó ní, bí a tilẹ̀ gbà á kọjá abẹ́ ilẹ̀. Ìwọ̀n gígùn apá ènìyàn kan ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wa fi ga ju ẹnu táńkì lọ, apá kan yẹn sì tó láti máa ti omi gòkè, láìsí ẹ̀rọ, láìsí iná. Ojú Hulda ń tàn bíi ti ọmọdé. Èmi ń fa ìkòkò tábà mi, mo ń wo ibòmíì.

Ó wá sọ ìyókù. Ó ní páìpù yìí kì í gbẹ bíi ti bàbá mi. Bí òjò bá dá, omi ò ní ibi tó máa lọ, inú rẹ̀ ló máa kún sí títí dé ìwọ̀n ẹnu táńkì, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà gbogbo oríkèé rẹ̀ la gbọ́dọ̀ nù mọ́, kí a fi gọ́ọ̀mù dì í, torí omi yẹn ò yé tẹ̀ wọ́n, bí ọ̀kan bá sì ń jò, ìpìlẹ̀ ilé ló máa rọ̀. A gbọ́dọ̀ fi nẹ́ẹ̀tì sí ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan lókè. Níbi tó sì rẹlẹ̀ jù lọ, láàárín àgbàlá, òun á fi ìdérí kan sí i tí a lè máa ṣí, kí ohun tó bá sùn sínú páìpù lè tú jáde. Ó wo ojú mi bó ṣe ń sọ èyí. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan yìí wọ̀ yín létí. Ohun tó bá wà nínú páìpù ni òjò tuntun á kọ́kọ́ tì sínú táńkì. Kì í ṣe òjò ni ẹ ó kọ́kọ́ mu, ohun tó ti wà níbẹ̀ ni."

Hulda ló wọ̀ létí. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, á wọ bàtà rọ́bà, á lọ ṣí ìdérí. Omi pupa á tú jáde pẹ̀lú ewé jíjẹrà, á rùn, á ṣàn kọjá àgbàlá dé ibi tí mo ń gbé mọ́tò mi sí. Ẹrẹ̀ ni mo ń tẹ̀ wọ mọ́tò. A jà lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

"Athol, bàtà ẹ ló jẹ ọ́ lógún jù ni, àbí ikùn ẹ?"

"Bàbá mi ò ní ìdérí kankan, ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló sì lò."

Ní Sátidé kan tó lọ to òdòdó ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo po símẹ́ńtì, mo dà á lé ìdérí náà lórí, mo fi pákó tẹ́ ẹ tó fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Iṣẹ́ náà dára. Nígbà tó dé, ó dúró tì í pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Ibi tí ìdọ̀tí ń gbà jáde lo dí yẹn. Níbo ni kó wá gbà?"

Mo ń nu símẹ́ńtì kúrò lára pákó. Ó wọlé lọ dáná. Kò kọ ọ́ sí ọ nínú lẹ́tà kankan, mo mọ̀, nítorí mi ò sọ ọ́, ohun tí mo bá sọ ló ń kọ.

Ọdún márùn-ún la fi mu omi yẹn, kò ṣe wá ní nǹkan kan, mo sì ń fi yangàn. Láàárín rẹ̀ ni a wá bá ọ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún rẹ. Thelma kò fẹ́ máa rí táńkì látojú fèrèsé. A gbé e jìnnà sí ilé, àwa méjèèjì gbẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ méjì láti ri páìpù rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi tèmi, a rẹ́rìn-ín, a mu bíà. Ìwọ lo béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kò yẹ kí ibìkan wà tí a ó máa gbà tú u. Mo ní, "Ìranù àwọn púlọ́ńbà nìyẹn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá." O gbà mí gbọ́. Hulda wà lókè àtẹ̀gùn, ó ń bó ọ̀dùnkún. Ó wo ojú mi, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ. Mo ti ń rí ojú yẹn báyìí lójoojúmọ́.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn ìkórè, eku dé. O mọ bí ọdún eku ṣe máa ń rí. Wọ́n jẹ koríko tí mo dì, wọ́n jẹ wáyà inú ẹ̀rọ ìkórè, wọ́n jẹ bàtà tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Hulda ki ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo olómi kí wọ́n má bàa gùn wá bá wa. Oṣù mẹ́rin, òjò ò rọ̀. Adágún gbẹ, gbogbo ohun tó ń mí lórí oko ń wá omi. Omi kan sì wà tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́, èyí tó wà nínú páìpù mi, nítorí páìpù yẹn kì í gbẹ. Ìwọ̀n apá kan péré ló fi wà nísàlẹ̀ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Eku ń gbọ́ òórùn omi. Wọ́n jẹ nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọlé. Inú ike ń yọ̀, èékánná eku ò lè dì í mú. Èyí tó bá sọ̀ kalẹ̀ kò gòkè mọ́.

Hulda rí ihò lára nẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní kí n gbé àkàsọ̀ wá. Mo ní tó bá di ọ̀la. Mi ò gbé e.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ni òjò dé, lọ́sàn-án. A jáde lọ sí abà ẹ̀rọ, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ọ tó ń dà sínú táńkì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. "Gbọ́ bó ṣe ń wọlé," ni Hulda wí. Mo ní, "Ṣé o rí i? Láìsí ìdérí kankan." O mọ àṣà ilé wa: omi tuntun lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, ife kọ̀ọ̀kan ní tútù, kí a tó gbé kẹ́tùlù kaná, ìyàwó ilé ló sì ń kọ́kọ́ mu. Ìyá mi mu ún bẹ́ẹ̀. A dúró tí òjò fi dá, Hulda sì lọ rọ ife méjì. Ó gbé tirẹ̀ sẹ́nu, ó tún gbé e kúrò.

"Ó ń rùn díẹ̀."

"Ekuru orí páànù ni. Mu ún jàre, ọjọ́ òjò lònìí."

Ó mu ún tán. Èmi náà mu tèmi. Inú run àwa méjèèjì. Tèmi tán lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tirẹ̀ kò tán. Ìwọ mọ bí ọkàn Hulda ṣe rí, oògùn rẹ̀ nìkan ló ń gbé e dúró. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kí n tó sọ pé kí a lọ sí ọsibítù, omi yẹn kan náà ló fi ń lo oògùn láàárọ̀ àti ní alẹ́. Ó lo ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dọ̀ wọn. Àrùn náà ti kúrò ní ikùn, ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Níbi ìsìnkú, o di apá mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò pásítọ̀. O ní, "Athol, kí ló pa á gan-an?" Mo ní, "Ọjọ́ orí." Reinhold, mo ti ń fura nígbà yẹn. Mo ti gbọ́ òórùn ẹ̀rọ omi ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí, nǹkan tí mi ò rò rí láti àádọ́ta ọdún ni mo rántí. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, bàbá mi máa ń jáde sínú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí, á gbá páìpù kúrò lẹ́nu táńkì, á jẹ́ kí omi máa dà sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ó tó dá a padà. Ó ń fọ òrùlé ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá mi tó ń mu ife tirẹ̀. Bàbá mi ní ìdérí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni.

Kerryn wá lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú pẹ̀lú ìgò kékeré, pé òun fẹ́ rọ omi lọ fún àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá ìdérí, ó rí símẹ́ńtì. Mo ní kó jáde lórí ilẹ̀ mi, mo ní iṣẹ́ ló ń wá nínú òkú ìyàwó mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí. Ó dáwọ́ kíkọ dúró ní báyìí, ó ní kò pọn dandan kí èyí wọ inú lẹ́tà. Mo ní kó kọ ọ́.

Oṣù Keje ni mo tó mú irin tí mo fi fọ́ símẹ́ńtì náà. Ó gbà mí ní gbogbo àárọ̀, torí mo ti ṣe é dáadáa. Mo yí ìdérí. Agbára omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Omi dúdú ló jáde, irun wà nínú rẹ̀, egungun wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn ṣì ní awọ lára. Ó ń jáde, ó ń jáde. Mi ò kà wọ́n. Nígbà tí omi náà mọ́, mo wẹ ọwọ́ mi, mo wọ mọ́tò lọ sí ilé Kerryn, mo ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ wọlé, ẹ jókòó." Ó mú ìgò kékeré rẹ̀, ó bá mi wá sí oko. Ó rọ omi táńkì lọ. Èsì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kòkòrò tí wọ́n rí nínú omi náà ni èyí tí ọsibítù rí nínú ẹ̀jẹ̀ Hulda, orúkọ kan náà.

Kerryn fẹ́ kọ ọ́ síbí pé kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀. Mo ní kó má kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ilé rẹ. Àwọn òjò àrá yín máa ń dé ní oṣù Kọkànlá, a sì ti jẹ́ kí páìpù yẹn kún fún ọdún mẹ́ta láìtú u rí. Lọ sí ìdí igi òroǹbó wẹ́wẹ́ Thelma. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i, ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù. Páìpù náà wà ní ìwọ̀n orúnkún nísàlẹ̀. Má fi ayùn gé e bí o bá nìkan wà, omi tó wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á tì jáde lójijì, má sì jẹ́ kí Thelma súnmọ́ ibẹ̀. Ẹ fi ìdérí tó ṣeé yí ṣí sí i, kí ẹ kọ́ àpótí kékeré yí i ká kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin pààrọ̀ oníke. Kí ẹ da omi táńkì nù tán, kí ẹ fọ̀ ọ́. Kerryn ti ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Púlọ́ńbà kankan níbẹ̀ lè ṣe é láàárín ọjọ́ kan. Bí o bá gbà kí n wá, màá wọ ọkọ̀ ojú irin wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì mi, èmi ni màá gbẹ́ ẹ. Bí o kò bá fẹ́ rí mi, pe púlọ́ńbà, má fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nítorí ìbínú sí mi.

O kọ̀wé ní oṣù tó kọjá pé wàá gbé òkúta ibojì Hulda wá ní oṣù Kẹwàá, kí a jọ dúró tì í, àti pé o fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí i pé ó sùn ní àlàáfíà. Kò sùn ní àlàáfíà, Reinhold. Mo wà níbẹ̀. Omi ló ń béèrè títí, wọn ò sì jẹ́ kí a fún un. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun tí o bá fẹ́ kí òkúta sọ ni kó sọ. Ìwọ náà ni wàá sọ bóyá kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tàbí kí n dúró sí oko. Mi ò ní bẹ̀ ọ́ sí ọ̀nà kan. Mo kàn fẹ́ kí o yàn án nígbà tí o ti mọ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù yìí, mo wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó há mi lẹ́sẹ̀, mo lọ ṣí ìdérí. Omi pupa díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́. Ó ṣàn kọjá àgbàlá lọ sí abẹ́ mọ́tò mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Mo dúró nínú ẹrẹ̀ náà títí ó fi dá.

Bá mi kí Thelma, kí o ka lẹ́tà yìí sí i létí láìfo ibì kankan. Bá mi kí àwọn ọmọ. Pásítọ̀ kí ọ, Dieter Obst kí ọ. Kerryn náà ní òun kí ọ, ọwọ́ ti ń ro ó.

Èmi ni, ẹni tí o fún ní àbúrò rẹ,

ATHOL NOSKE

(Bàbá fúnra wọn ló kọ orúkọ yìí. Wọ́n ní Màmá Hulda ló kọ́ wọn. — K.O.)